TÍÌ ELÉSÈ ÀLÙKÒ: A SÈ É, A TỌ́ Ọ WÒ, Ẹ GBỌ́ OHUN TÍ A RÍ

 

Ọ̀rọ̀ tíì la fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ tíì lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tó ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni Milo, Bournvita, tàbí Lipton tí mílíìkì àti ṣúgà kún inú rẹ̀, èyí tí a fi ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ kí a tó pàtẹ. Ohunkóhun tó bá ti gbóná, tó sì wà nínú ife, tíì ni. Ṣùgbọ́n tíì tí a fẹ́ sọ yìí yàtọ̀. Ewé rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ ewé. Elésè àlùkò ni. Bí ẹ bá sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi rẹ̀, á pa àwọ̀ dà mọ́ yín lójú. Díẹ̀ ló sì kù kí owó ẹgbẹ́ wa bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kò sí ní ìpàdé náà lè gbọ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọkùnrin kan ló wá bá wa nípàdé. Ó múra dáadáa, ó gbé páálí kan dání, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ó ní láti ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni tíì náà ti wá, pé àwọn olówó ló ń mu ún. Ó ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń fa ikùn wọlé, ó ń dá ọjọ́ orí padà. Ó ní bí ẹgbẹ́ wa bá ra àádọ́ta páálí ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun á dá iye lé e fún wa, a ó sì rí èrè ìlọ́po méjì.

Ká má purọ́, àwọn kan nínú wa ti ń fi ọwọ́ pa ọwọ́. Akápò tilẹ̀ ti ń ṣírò pé owó èsúsú tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kàn lóṣù tó ń bọ̀ lè gbé e. Àfi bí màmá kan láàárín àwọn elélùbọ́ ṣe dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ti ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń mu ún. Ó ní kí n pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tì, pé tíì yìí nìkan ti tó."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyálọ́jà wa wò ó, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá? Láìlo oògùn rárá?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, pé orí ń fọ́ òun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní àìsàn ló ń jáde lára.

Kíá la ní kí ọkùnrin yẹn máa gbé páálí rẹ̀ lọ ná, a ó ránṣẹ́ sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, méjì nínú wa mú Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti gòkè kọjá bó ṣe yẹ. Nọ́ọ̀sì bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí, wọ́n sì dá a padà sí ìdí oògùn rẹ̀. A dúpẹ́ pé kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà la ti pinnu pé a ò ní náwó lé tíì yìí lórí, a ò sì ní bú u, títí a ó fi mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ọjà tó ń tà, ọjà náà ló ń tà á.

KÍ NI TÍÌ YÌÍ GAN-AN?

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé igi kan náà ni gbogbo tíì ti ń wá, yálà tíì dúdú tó wà nínú Lipton tàbí tíì aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ wa ń pè ní gírínì tíì. Bí a ṣe ṣe ewé náà lẹ́yìn tí a já a ló mú ìyàtọ̀ wá. Bí a bá jẹ́ kí ewé náà rọ, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ràn án kí a tó gbẹ ẹ́, á di dúdú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó sílẹ̀ ṣe ń dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti já a tí a fi ooru gbígbóná mú un kíákíá, yálà nínú agbada tàbí lójú èéfín omi gbígbóná, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Tíì aláwọ̀ ewé nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí a bọ ẹ̀fọ́ lómi gbígbóná kó má baà dúdú.

Ní Nàìjíríà wa níbí náà, wọ́n ń gbin tíì lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, nítorí pé ibi gíga tó tutù ni tíì fẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú Kẹ́ńyà ló gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin tíì níbẹ̀, ní Limuru. Lónìí kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kó tíì dúdú ránṣẹ́ sókè òkun tó Kẹ́ńyà. Ọjà gbàǹjo ńlá wà fún un ní Mombasa létí òkun, níbi tí àwọn oníṣòwò láti oríṣiríṣi ìlú ti ń na owó lé e.

Èyí tó jẹ́ elésè àlùkò yìí, ilé ìwádìí nípa tíì tó wà ní Kericho ní Kẹ́ńyà ló gbé e jáde. Bí ọdún 25 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ lé e lórí kí wọ́n tó kó o lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 2011. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: TRFK 306. Kì í ṣe pé wọ́n pa á láró o. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ló ń yọ pẹ̀lú àwọ̀ náà, bó bá sì ti ń gbó ni àwọ̀ ewé ń padà bọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀mùnú ewé ni wọ́n ń já, ewé méjì àti ṣónṣó orí rẹ̀.

Kẹ́ńyà nìkan kọ́ ló ní irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní Menghai ní agbègbè Yunnan, àwọn oníwàádìí rí igi kan ní 1985 láàárín oko tíì tó lọ bíi rẹrẹ: ewé rẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀, pẹ̀lú igi ẹ̀ka rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ elésè àlùkò. Láti ara igi kan yẹn ni wọ́n ti gé èyí tí wọ́n ń pè ní Zijuan. Ó tilẹ̀ ti lé ní 1,200 ọdún tí ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Lu Yu ti kọ ìwé nípa tíì, ó sì ka ewé elésè àlùkò sí ojúlówó ju aláwọ̀ ewé lọ. Nítorí náà, nǹkan náà kì í ṣe idán.

ÀWỌ̀ YẸN, A TI Ń TÀ Á TIPẸ́

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ wa jù. Èròjà tó fún ewé náà ní àwọ̀, anthocyanin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń dáàbò bo ewé lọ́wọ́ oòrùn tó le, irú èyí tó máa ń mú lórí òkè gíga. Ṣé ẹ mọ ibòmíràn tí ìdílé èròjà yìí wà? Nínú zobo! Ìṣápá pupa tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya, tó kún àpò ní ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́rù wa, òun náà nìyẹn. Ó wà lára àlùbọ́sà pupa pẹ̀lú.

Ohun tí wọ́n fi ń mọ ìdílé náà ni pé àwọ̀ wọn kì í dúró sójú kan. Bí ó bá pàdé ohun kíkan, á pupa sí i. Bí ó bá pàdé káún tàbí omi eérú, á máa lọ sí ọ̀nà aró. A dán an wò fúnra wa. A bu zobo sínú ife méjì, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, a fi káún bíńtín sí èkejì. Ti ọsàn pupa rẹ́súrẹ́sú. Ti káún dúdú bí omi ìkòkò aró. Ìyá aláró tó wà láàárín wa kàn ń mi orí ni, ó ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé omi eérú ní ohun tó máa ń ṣe fún àwọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin yẹn fún ọsàn sí tíì rẹ̀ níwájú wa tó di pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tó ní "ẹ ò rí i pé agbára wà nínú ẹ̀," kì í ṣe agbára ìwòsàn ló fi hàn wá. Àwọ̀ ló pàdé ọsàn.

A SÈ É

Màmá elélùbọ́ ló yọ̀ǹda èyí tó kù nínú tirẹ̀. A pé jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lẹ́yìn ọjà, a tan sítóòfù, a to ife sílẹ̀.

Èyí tí a kọ́kọ́ sè, a bà á jẹ́. Ohun tí a mọ̀ la ṣe: a da ewé sínú omi tó ń hó kùtùkùtù, a jẹ́ kó máa hó lọ, a da mílíìkì sí i. Ẹ̀yin èèyàn wa, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí a fi ṣan ìkòkò. Nígbà tí a fi kan ẹnu, ó korò, ó sì mú wa lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ní tútù. Oníbúrẹ́dì wa tu tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí ohun tí àwọn olówó ń mu bá nìyí, kí Ọlọ́run máa fi òun sílẹ̀ bí òun ṣe wà.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ti gbé ní Nairobi rí ló rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ ti se é pa. Wọn kì í fi omi tó ń hó sí i, wọn kì í sì í fi mílíìkì sí i." Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Omi tó gbóná jù ló ń fa gbogbo ìkorò inú ewé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíìkì sì ń bo àwọ̀ àti adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

A tún un ṣe bó ṣe wí. Lọ́tẹ̀ yìí, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ́ẹ́ dà bí eérú. Òórùn rẹ̀ jọ ti ewé tútù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. A tọ́ ọ wò. Kò dùn bí ṣúgà, kò sì korò. Ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ló wá fún ahọ́n pọ̀ díẹ̀, adùn kékeré kan sì ṣẹ́kù ní ọ̀nà ọ̀fun, bí ìgbà tí èèyàn jẹ orógbó tán tó wá mu omi. Nígbà tí a kán ọsàn sí i, ó di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tu ni lára. Oníbúrẹ́dì tó tu ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní kí wọ́n bu sí i fún òun.

BÍ Ẹ ṢE MÁA SÈ É

Ẹni tó bá rí i rà, kó ṣe báyìí:

1. Ẹ bu ewé rẹ̀ ṣíbí tíì kan, ìyẹn bíi gíráàmù 2, fún ife kan.

2. Ẹ se omi kó hó, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí kò ní ohun ìwọn ooru, kó da ife omi híhó mẹ́ta pọ̀ mọ́ ife omi mímọ́ kan tí kò gbóná. Á sún mọ́ ìwọ̀n 80, ibi tí tíì yìí fẹ́ gan-an nìyẹn.

3. Ẹ da omi náà lé ewé lórí, kí ẹ dé e. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í korò.

4. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má da ewé nù. A lè tún omi dà sí i lẹ́ẹ̀kejì, kí ó pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

5. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá wù yín, ẹ kán ọsàn tàbí oyin sí i. Ẹ fi mílíìkì sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí o: tíì, irú èyí tó wù kó jẹ́, máa ń dí ayọ́n inú oúnjẹ lọ́wọ́ láti wọ ara, ayọ́n yìí ló sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí wọ́n má mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Kí wọ́n jẹ́ kó tó bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Èròjà tí kì í jẹ́ kí èèyàn tètè sùn náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun àmusùn.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ÀGBẸ̀ KẸ́ŃYÀ

Ọmọ tó ti gbé ní Nairobi yìí ló sọ ohun tó mú wa ronú jù. Nígbà tí tíì náà jáde, ìròyìn kàn káàkiri pé owó rẹ̀ á ju ti tíì lásán lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kéékèèké gbin ín, láti Kericho títí dé agbègbè Òkè Kẹ́ńyà. Ẹ sì mọ̀ pé igi tíì kì í ṣe ẹ̀fọ́. Bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Nígbà tí ewé pọ́n tán, wọ́n rí i pé iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó yẹ fún un kò tó nǹkan. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe tíì dúdú ló yí wọn ká. Bí ewé elésè àlùkò bá sì bọ́ sínú ẹ̀rọ tíì dúdú pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, tíì dúdú náà ló dà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tà á ní iye kan náà tí wọ́n ń ta ti tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì fà á tu.

Ewé náà kò ní àbùkù. Ó dára, ó lè fara da ọ̀dá àti òtútù. Àgbẹ̀ kò sì ṣe ọ̀lẹ. Ọjà ni wọn kò wá kí wọ́n tó gbin ọjà. Àwa tí a jókòó sí ìsọ̀ lójoojúmọ́, ṣé a ò mọ ìrora yẹn? Ta ni nínú wa tí kò tíì ra ọjà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó ń tà, tó wá jókòó tì í títí ó fi bàjẹ́?

A wá ṣírò tiwa. Páálí kékeré tó jẹ́ gíráàmù 50, ife 25 ló wà nínú rẹ̀. Omi ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lè gba iye kan náà. Iye tí ọkùnrin yẹn pe páálí kékeré kan lè ra zobo kóńgò mẹ́ta ní ọjà wa níbí, zobo kóńgò mẹ́ta á sì kún kẹ́ẹ̀gì ju ẹyọ kan lọ. Ta ni yóò ra ife tíì kan ní iye tí a máa fi lé e, nínú ọjà tí oòrùn ń pa gbogbo wa yìí? Àádọ́ta páálí ńlá! Pẹ̀lú owó èsúsú àwọn tó fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ!

Nígbà tí a tún yí páálí náà wò, kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí yóò kú.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ PINNU

Ìpàdé fi ẹnu kò sí nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, a ò ra àádọ́ta páálí. Owó èsúsú bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kàn ní ọjọ́ rẹ̀ gan-an, bó ṣe yẹ.

Èkejì, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mu tíì yìí nítorí adùn rẹ̀ lè rà á fúnra rẹ̀, bó bá ti ní nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ lára. Ohun mímu tó dára ni. A ò ní purọ́ mọ́ ọn nítorí ẹni tó gbé e wá.

Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ nínú ọjà wa pé kí aláìsàn pa oògùn ilé ìwòsàn tì nítorí tíì, nítorí àgbo inú ìgò, tàbí nítorí ohunkóhun, ìgbìmọ̀ ló máa bá sọ̀rọ̀. Kò sí tíì tó ń rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí oògùn rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu, dókítà ni kó lọ bá.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tó ń ta zobo má fojú kéré ọjà ọwọ́ wọn. Kí wọ́n sè é ní ibi tó mọ́, kí wọ́n dín ṣúgà rẹ̀ kù, kí wọ́n fi ọsàn sí i kó pupa dáadáa. Àwọ̀ tí àwọn kan ń wá lọ sí orí òkè Kẹ́ńyà, ẹ̀yin ti ní irú rẹ̀ nínú àpò.

Ní ti Màmá elélùbọ́, a dúpẹ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Nígbà tí a yà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ife kékeré kan síwájú, àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. A wo ojú rẹ̀, òun náà wo ojú wa. Ó ní, "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti lo oògùn mi láàárọ̀. Èyí, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Ẹ kú ọjà o. À á tà, à á jèrè. A ò ní fi èrè wa san owó ìwòsàn. Àṣẹ.